Ewé Tó Di Òkúta àti Ojú Ọjọ́ Àtijọ́ ní Áfíríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni à ń pè ní ewé tó di òkúta?

Ewé tó já bọ́ sínú omi tàbí ẹrẹ̀ láyé àtijọ́ ni, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ kó tó jẹrà, tí ẹrẹ̀ náà sì le di òkúta. Nígbà mìíràn, àmì rẹ̀ nìkan ló kù, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé ṣe ń wà lára sìmẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, awọ ewé náà gan-an ṣì wà níbẹ̀, ó ti dúdú, ó sì fẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè ṣí i kúrò lára òkúta kó sì gbé e sábẹ́ awò máíkírósíkóòpù.

Bí òjò bá kọ̀, ẹranko lè ṣí lọ síbòmíràn. Igi ò lè sá. Ibi tó hù sí ló ti máa mu omi tó bá rí mu, ooru tó bá sì wà níbẹ̀ ló máa fara dà. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé bí a bá ń wá ẹlẹ́rìí nípa ojú ọjọ́ àtijọ́, ewé ni ká kọ́kọ́ bi léèrè kí á tó dé ọ̀dọ̀ egungun.

Ewé kì í pẹ́ rà. Báwo ló ṣe wá lè wà fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún?

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, kòkòrò àti àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín ló ń ba ewé jẹ́. Bí ewé bá rì sí ìsàlẹ̀ adágún omi tó jìn, tí ọ́síjìn kò dé ibẹ̀, tí ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ sì ń rọ́ lé e díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tí yóò jẹ ẹ́. Eérú òkè ayọnáyèéfín náà máa ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ó lè bo ilẹ̀ igbó mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Awọ òde ewé tún ní ìda tó ń dá ààbò bò ó. Awọ yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ásíìdì tó lágbára jẹ òkúta kúrò lára rẹ̀, òkúta á yọ́, awọ ewé á sì kù sílẹ̀.

Ibo ni wọ́n ti ń rí irú ewé bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà?

Ìlà-oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ sí jù, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń ya láti ọjọ́ pípẹ́, àfonífojì àti adágún sì pọ̀ níbẹ̀, òkè ayọnáyèéfín náà sì ń da eérú sórí wọn. Ní Ẹtiópíà, Chilga wà ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn (bíi mílíọ̀nù 27 sí 28 ọdún), àfonífojì Mush sì wà ní àríwá-ìlà-oòrùn Addis Ababa (bíi mílíọ̀nù 21.7 ọdún). Ní Kẹ́ńyà, erékùṣù Rusinga nínú adágún Victoria (bíi mílíọ̀nù 18 ọdún) àti àwọn òkè Tugen ní agbègbè Baringo ló gbajúmọ̀. Ní Tànsáníà, Mahenge wà ní agbègbè Singida (bíi mílíọ̀nù 46 ọdún).

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí wọn?

Kì í ṣe ewé náà gan-an ni wọ́n ń ṣírò. Eérú òkè ayọnáyèéfín tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Nínú eérú yẹn ni hóró kírísítálì kéékèèké wà, tí wọ́n ní yuréníọ́ọ̀mù tàbí pọtásíọ́ọ̀mù nínú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń yí padà di nǹkan mìíràn, lẹ́ẹ̀dì tàbí ágọ́ọ̀nì, ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Bí a bá mọ iye tó ti yí padà, a mọ ìgbà tí eérú náà balẹ̀. Ibi tí kò bá sí eérú, ọjọ́ orí máa ń jẹ́ ìfojúdá.

Kí ni ewé lè sọ nípa òjò?

Bí ewé ṣe tóbi tó ló ń sọ ọ́. Ewé tó gbòòrò ń pàdánù omi púpọ̀ sínú afẹ́fẹ́, igi tó bá wà níbi tí omi ti wọ́n kò sì lè máa ná omi bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbéra láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ gba Ṣakí kọjá, tí ẹ wá ń lọ sí Sókótó, ẹ máa rí i lójú ọ̀nà pé ewé igi ń kéré sí i bí òjò ti ń dín kù, títí tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tí ewé wọn kò tó èékánná.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wọn gbogbo oríṣi ewé tí wọ́n bá rí ní ojúkò kan, wọ́n á wá ìpíndọ́gba, wọ́n á sì fi wé ti àwọn igbó òde òní tí a ti mọ iye òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1998, Peter Wilf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò kan jáde tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n igi Áfíríkà kò gbọdọ̀ máa gba ìdájọ́ látinú igbó ilẹ̀ míì nìkan. Bonnie Jacobs, ti Southern Methodist University ní Amẹ́ríkà, lọ fi ewé igi òde òní ní Áfíríkà gan-an ṣe òṣùwọ̀n, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999 àti 2002. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí a lè sọ̀rọ̀ nípa òjò àtijọ́ ilẹ̀ yìí pẹ̀lú ìgboyà.

Imú ewé tún wà níbẹ̀. Nínú igbó kìjikìji, ọ̀pọ̀ ewé ló ní ṣóńṣó gígùn tí omi òjò ń gbà kán sílẹ̀ kíákíá. Bí irú imú bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lára ewé òkúta, ilẹ̀ olójò púpọ̀ ni.

Wọ́n ní etí ewé ń sọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹ wo ewé ewúro tàbí efinrin: etí wọn ní eyín wẹ́wẹ́. Ẹ wá wo ti obì, àgbálùmọ̀ tàbí máńgòrò: etí wọn dán. Lọ́dún 1915, Irving Bailey àti Edmund Sinnott fi hàn pé ní ilẹ̀ òtútù, igi tí etí ewé wọn ní eyín ló pọ̀, pé ní ilẹ̀ ooru sì rèé, àwọn tí etí wọn dán ló pọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn sọ ọ́ di ìṣirò: bí àwọn igi elétí dídán bá fi ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i, ilẹ̀ náà fi bíi dígírì 3 gbóná sí i.

Níbi tí ìṣòro wà fún wa nìyí. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo igi ni etí ewé wọn dán. Bí gbogbo wọn bá dán tán, ìṣirò yẹn á máa sọ pé ìpíndọ́gba ooru ọdún ju dígírì 31 lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ìbàdàn tó ń mú wa láàgùn yìí kò ju bíi 26 sí 27 lọ. Ọ̀pá ìwọ̀n náà ti dópin kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìròyìn pé ewé òkúta kan láti Áfíríkà fi ìwọ̀n ooru hàn dé orí ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì, ẹ má tètè gbà á. Ti òjò ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí wọn kì í wo etí nìkan. Jack Wolfe gbé ọ̀kan jáde ní 1993 tó ń wo ọ̀pọ̀ àbùdá ewé pa pọ̀, wọ́n sì tún gbé òmíràn jáde ní 2011 tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn eyín ewé àti ìtóbi rẹ̀. Wọ́n dára, àmọ́ ewé tó pé látòkè délẹ̀ ni wọ́n nílò, irú rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀.

Ṣé wọ́n lè mọ irú igi tó ni ewé náà?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Bí iṣan ewé ṣe ń yà, bí àwọn kéékèèké ṣe ń so mọ́ àwọn ńlá, àti bí awọ rẹ̀ ṣe rí lábẹ́ awò, ni wọ́n fi ń wá ìdílé rẹ̀. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé gbígbẹ tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé ìkó-ewé-pamọ́, irú èyí tó wà ní Nairobi, níbi tí Christine Kabuye ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun àti Jacobs ló kọ ìwé 1987 lórí igbó àtijọ́ àwọn òkè Tugen.

Èyí tó máa ń wú mi lórí jù ni ti iṣu. Lọ́dún 2014, Aaron Pan, Bonnie Jacobs àti Ellen Currano ṣàpèjúwe ewé kan láti odò Guang, ní agbègbè Chilga, tó ti tó mílíọ̀nù 27 ọdún. Ẹbí iṣu ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Dioscorea wilkinii. Wọ́n tún rí Tacca, tó jẹ́ ìbátan iṣu, ní Mush. Kì í ṣe iṣu tí à ń gbìn sí ebè lónìí o, ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ ti ń fà mọ́ igi ní Áfíríkà nígbà tí kò tíì sí ènìyàn kankan láyé.

Ọ̀pẹ náà ń kọ́? Lónìí, oríṣi ọ̀pẹ tó wà ní Áfíríkà kéré gan-an bí a bá fi wé ti Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní Chilga, ọ̀pẹ pọ̀ nínú òkúta, títí kan ìbátan àwọn ọ̀pẹ tó ń gun igi, irú èyí tí wọ́n fi ń hun àga. Ó hàn gbangba pé Áfíríkà pàdánù ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Báwo ni ewé ṣe lè sọ bí afẹ́fẹ́ ayé àtijọ́ ṣe rí?

Abẹ́ ewé ní àwọn ihò tíntìntín tó fi ń mí. Ihò yìí ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ń gbà wọlé, òun náà ni omi ń gbà jáde. Bí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, igi kò nílò ihò púpọ̀. Lọ́dún 1987, Ian Woodward fi ewé tí wọ́n ti kó pamọ́ láti bíi 200 ọdún sẹ́yìn wé ti ìgbà tirẹ̀, ó sì rí i pé iye ihò ti fi bíi ìdá 40 nínú 100 dín kù bí kábọ́ọ̀nù ti ń pọ̀ sí i.

Tekie Tesfamichael àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ihò ewé láti Chilga àti Mush lọ́dún 2017. Àbájáde wọn ni pé ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù ìgbà Mush tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ìgbà Chilga. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ẹ̀rí láti inú òkun ti sọ pé ayé ń gbóná sí i, ewé ilẹ̀ Áfíríkà sì bá wọn jẹ́rìí.

Ihò tí kòkòrò jẹ sára ewé òkúta, ṣé ó wúlò?

Ó wúlò gan-an. Bí kòkòrò ṣe gé etí ewé, bó ṣe lu ihò sí àárín rẹ̀, bí ìdin ṣe la ọ̀nà nínú awọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn. Currano ti ka irú àmì bẹ́ẹ̀ lára ewé Mush. Àwọn kòkòrò tí a kò rí ara wọn nínú òkúta ni a ń tipa báyìí mọ̀.

Ṣé igbó kìjikìji ni gbogbo Áfíríkà nígbà tí ayé gbóná ju báyìí lọ?

Rárá. Ìbéèrè yìí ló ń wọlé jù, ohun tí ọ̀pọ̀ sì ń retí ni kí n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ ti Mahenge ná. Ní mílíọ̀nù 46 ọdún sẹ́yìn, ayé gbóná ju ti òde òní lọ fíìfíì. Adágún kan wà nínú ihò tí ìbúgbàù òkè ayọnáyèéfín gbẹ́ ní Singida. Ewé tó rì sínú rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ẹbí ẹ̀wà, ẹbí tí igi ìgbá àti apá wà nínú rẹ̀. Jacobs àti Patrick Herendeen ṣírò rẹ̀ ní 2004 pé òjò ibẹ̀ lọ́dún kò ju bíi mìlímítà 640 sí 780 lọ. Ìbàdàn ń rí bíi 1,200 sí 1,300. Ọ̀dàn onígi ni Mahenge nígbà náà, kò sì jìnnà sí bí Singida ṣe rí lónìí.

Ẹ wá wo Chilga àti Mush. Òjò pọ̀ níbẹ̀, igbó ni, ewé ńlá ńlá ló wà níbẹ̀. Ní Chilga, àwọn baba ńlá erin rìn káàkiri láàárín ọ̀pẹ, pẹ̀lú Arsinoitherium, ẹranko oníwo méjì tí ìran rẹ̀ ti parẹ́.

Àwọn òkè Tugen ló wá sọ ìtàn yìí dáadáa. Agbègbè gbígbẹ tó kún fún ẹ̀gún ni Baringo lónìí. Ṣùgbọ́n ní Kabarsero, ewé tó ti tó mílíọ̀nù 12.6 ọdún fi igbó olójò hàn, àwọn igi rẹ̀ sì jẹ mọ́ èyí tó wà ní igbó Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà báyìí. Nígbà tí ó fi máa di bíi mílíọ̀nù 7 ọdún sẹ́yìn, ní Kapturo tí kò jìnnà síbẹ̀, ilẹ̀ ti gbẹ sí i, igbó kìjikìji ti lọ. Igbó tiwa àti ti Kẹ́ńyà ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀kan, ilẹ̀ gbígbẹ ló wá là wọ́n láàárín.

Wọ́n kọ́ wa pé nígbà tí igbó gbẹ di ọ̀dàn ni àwọn baba ńlá ènìyàn bọ́ sílẹ̀ láti orí igi. Ṣé ewé fara mọ́ ọn?

Kò fara mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn. Ní Rusinga, níbi tí Ekembo, ìnàkí àtijọ́, ti gbé, ewé àti kùkùté igi tó di òkúta sọ pé igbó ni. Àmọ́ lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí Daniel Peppe ṣáájú wọn kéde pé koríko irú ti ọ̀dàn ti pọ̀ ní àwọn ojúkò kan ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà láti bíi mílíọ̀nù 21 ọdún, ó sì fi bíi mílíọ̀nù 10 ọdún ṣáájú bí a ti rò tẹ́lẹ̀. Ní Moroto, ní Ùgáńdà, ìnàkí ńlá kan ń jẹ ewé nínú ilẹ̀ onígi tí kò dí, tó máa ń gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Igbó, ọ̀dàn àti àárín méjèèjì ti ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí ìlẹ̀kùn igbó tì tí ti ọ̀dàn sì ṣí.

Kí ló dé tí a kì í gbọ́ nípa ewé òkúta láti Nàìjíríà?

Ìdí kìíní ni irú òkúta tí a ní. Òkúta Olúmọ àti àwọn àpáta Ìdànrè ti ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ, inú ilẹ̀ tó gbóná rírú ni wọ́n sì ti dì. Igi olódòdó kankan kò tíì sí láyé nígbà náà. Òkúta Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkun ni, ìkarahun ẹran omi ló kún inú rẹ̀. Ìdí kejì ni pé òjò àti ooru wa máa ń jẹ òkúta títí yóò fi di ilẹ̀ pupa, igbó á sì bo èyí tó kù.

Kì í ṣe pé a ò ní ẹ̀rí o. Èédú Enugu, tó ti tó bíi mílíọ̀nù 70 ọdún, ewéko irà ni. Eruku òdòdó tó wà nínú àpáta abẹ́ Niger Delta sì pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ń lò ó láti mọ ipele tí wọ́n gbẹ́ dé. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní nípa, tó máa ń hù létí omi oníyọ̀, ti wà ní etíkun wa ní bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, tó sì parẹ́ pátápátá. Lọ́dún 1906, wọ́n tún gbé e wá sí Calabar láti Singapore. Lónìí ó ti ń lé ẹ̀gbà, igi irà omi oníyọ̀, kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi ní Delta.

Ìdí kẹta, èyí tó dùn mí jù, ni pé àwọn tó ń wá a kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ epo ń náwó lórí eruku òdòdó nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò náwó lórí ewé?

Ṣé ẹ̀rí kankan wà nípa ilẹ̀ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò?

Ó wà, ẹ̀rí náà sì dára. Bí ẹ bá wo àwòrán igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ẹ ó rí i pé igbó kìjikìji já ní àárín, láti ìlà-oòrùn Gánà títí dé Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀dàn ló wà níbẹ̀, ó sì dé etí òkun. Inú àlàfo yìí tàbí létí rẹ̀ ni àwọn Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ifẹ̀ ti Tógò ń gbé.

Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé, ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì ka eruku òdòdó inú rẹ̀. Àbájáde wọn jáde ní 2005: igbó kìjikìji wà níbẹ̀ láti bíi 8,400 ọdún sẹ́yìn títí di 4,500. Láàárín 4,500 sí 3,400 ọdún sẹ́yìn ni òjò dín kù lójijì, tí igbó fi ya. Àkókò yẹn náà ni Sàhárà, tó ti ní adágún àti koríko rí, ń gbẹ di aginjù. Àwọn kan máa ń sọ pé oko dídá ló ṣí àlàfo náà. Ẹ̀rí Sélé fi hàn pé òjò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oko àti iná ìgbẹ́ lè ti dá kún un lẹ́yìn náà.

Ní Gánà, nítòsí Kumasi, adágún Bosumtwi wà nínú ihò tí òkúta láti ojú ọ̀run gbẹ́ ní bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀ ní 2004. Awọ ewé koríko tó wà nínú ẹrẹ̀ Bosumtwi fi hàn pé nígbà tí yìnyín bo àríwá Yúróòpù, ní bíi 20,000 ọdún sẹ́yìn, koríko ló yí adágún náà ká, níbi tí igbó wà lónìí.

Ǹjẹ́ ewé lè tàn wá jẹ?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ní ọ̀nà púpọ̀. Ewé orí igi tí oòrùn ń pa kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, òun sì ni atẹ́gùn máa ń gbé bọ́ sínú adágún jù. Ewé ńlá máa ń ya kó tó rì. Nítorí náà, ìṣirò òjò sábà máa ń kéré sí bó ṣe rí gan-an. Igi etí odò náà máa ń pọ̀ jù nínú òkúta, òjò kọ́ ló sì ń bọ́ wọn, odò ni. Ẹ tún wo ìrókò: ewé ọmọ rẹ̀ ní eyín létí, ti àgbà igi kò ní. Ẹni tó bá rí méjèèjì nínú òkúta lè kà wọ́n sí igi méjì.

Àṣìṣe inú ìṣirò pàápàá kì í ṣe kékeré. Bí ìṣirò Wilf bá sọ pé òjò jẹ́ mìlímítà 1,500 lọ́dún, ó lè jẹ́ 1,050, ó sì lè tó 2,150. Ìwé tó bá gbé nọ́ńbà kan jáde láì sọ ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀, ẹ fura sí i.

Bí mo bá rí ewé lára òkúta nígbà tí à ń gbẹ́lẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi ọ̀dà tàbí epo pa á. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó gbé e, kí ẹ fi rúlà tàbí owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti bó ṣe jìn tó sílẹ̀. Ewé tí a kò mọ ipele tó ti jáde kò wúlò fún ìtàn ojú ọjọ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kó má gbẹ lójijì kó má baà fọ́. Ẹ wá gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Àfonífojì Mush ga ju mítà 2,000 lọ báyìí. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ojú ọjọ́ ló yí padà, pé kì í ṣe pé ilẹ̀ náà ló ga sókè?

Ìbéèrè tó le nìyí. Ilẹ̀ Ẹtiópíà ti ru sókè gan-an láti mílíọ̀nù 30 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tó bá sì ga máa ń tutù. Ilẹ̀ gíga tún máa ń dí atẹ́gùn òjò lọ́nà: apá kan á rí òjò, apá kejì á gbẹ. Nítorí náà, ìyàtọ̀ láàárín ewé Mush àti igi tó wà níbẹ̀ lónìí kò lè jẹ́ ti ojú ọjọ́ ayé nìkan.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yanjú rẹ̀ ni kí wọ́n fi ojúkò púpọ̀ wé ara wọn. Bí gbígbẹ bá ṣẹlẹ̀ ní ibi tó ga àti ibi tí kò ga ní àkókò kan náà, ọ̀rọ̀ náà ju ti òkè lọ. Wọ́n tún ń wo ìda ewé tí atẹ́gùn gbé lọ sínú òkun tó sì rì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìda yẹn wá láti ilẹ̀ tó gbòòrò, kì í ṣe láti àfonífojì kan, irú kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ sì ń sọ bóyá igi ló pọ̀ tàbí koríko ọ̀dàn. Láti bíi mílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn, ìda yìí ń sọ pé koríko ń pọ̀ sí i ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà lápapọ̀. Ohun tí mo rí fà yọ ni pé òkè àti ojú ọjọ́ jọ ṣe é ni, ìpín ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Bí ojú ọjọ́ bá ti ń yí padà láti ayébáyé, kí ló dé tí wọ́n fi ń pariwo nípa ti òde òní?

Nítorí bó ṣe ń yára. Láti Kabarsero dé Kapturo, ó gbà ju mílíọ̀nù 5 ọdún lọ. Igi ní àyè láti ṣí kúrò, irúgbìn kan lẹ́yìn òmíràn. Kí iná èédú àti epo tó gbilẹ̀, kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti kọjá 420 báyìí, láàárín ọdún tí kò tó 300.

Èyí tó yára díẹ̀ nínú ẹ̀rí tiwa ni ti Sélé, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a wò jù. Igbó tó ti wà fún nǹkan bí 4,000 ọdún ya, àlàfo náà sì wà títí di òní. Àwọn oko kòkó tó wà ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun wà ní etí igbó tó kù, níbi tí òjò bíi mìlímítà 1,200 sí 1,500 ti ń gbé kòkó dúró. Bí òjò yẹn bá dín kù, tàbí tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fi oṣù kan gùn sí i, kòkó ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.